SACU: Ẹgbẹ́ Ọ̀rẹ́ Ṣáínà Tí Ìjà Bí ní Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọjọ́ 15, oṣù Karùn-ún, ọdún 1965, àwọn èèyàn pé jọ sí Church House ní Westminster, nítòsí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìlú Ọba, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀. Society for Anglo-Chinese Understanding ni wọ́n sọ ọ́. SACU ni tẹrú tọmọ ń pè é. Ohun tí wọ́n ń wá kò ju pé kí àwọn ará Ìlú Ọba mọ Ṣáínà dáadáa: ìtàn rẹ̀, èdè rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, àwọn ìlú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti bí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ṣe ń ṣe ayé wọn. Joseph Needham, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Cambridge, ni wọ́n fi ṣe olórí. Ẹgbẹ́ náà kò tíì kú títí dòní, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó yẹ kó pa á pọ̀ jọjọ.

Ìjà ló bí i. Ẹgbẹ́ mìíràn ti wà ṣáájú, Britain-China Friendship Association, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1949, ọdún tí Mao Zedong gba ìjọba ní Beijing. Needham kan náà yìí ni ààrẹ ẹgbẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbé e ró jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ti Ìlú Ọba, Moscow ni ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì náà sì ń wò lójú. Nígbà tó di 1960, ọ̀rọ̀ Rọ́ṣíà àti Ṣáínà di bó ò lọ yà fún mi. Rọ́ṣíà kó àwọn ẹnjiníà rẹ̀ kúrò ní Ṣáínà, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn ní gbangba. Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì Ìlú Ọba dúró ti Moscow. Bí ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ láti bá Ṣáínà ṣọ̀rẹ́ ṣe bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí kò fẹ́ rí Ṣáínà sójú mọ́ nìyẹn. Needham, Derek Bryan àti àwọn mélòó kan rí i pé kò sí ohun tí àwọn tún ń dúró ṣe níbẹ̀. Wọ́n jáde, wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀.

Gbòǹgbò rẹ̀ tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Jàpáàn ya wọ Ṣáínà ní 1937, China Campaign Committee jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Victor Gollancz, òǹtẹ̀wé, ni alága rẹ̀. Wọ́n ń dá owó jọ, wọ́n ń fi oògùn ránṣẹ́, wọ́n sì ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ra ọjà Jàpáàn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1938, ọkọ̀ òkun Jàpáàn kan tí wọ́n ń pè ní Haruna Maru gúnlẹ̀ sí Middlesbrough. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní kó ẹrù sínú rẹ̀. Ọkọ̀ náà gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, àwọn tibẹ̀ náà kọ̀. Owó òòjọ́ wọn ni wọ́n fi sílẹ̀ yẹn, nítorí àwọn èèyàn tó wà ní ìdàkejì ayé. Mo ka èyí sí ohun tó tóbi jù nínú gbogbo ìtàn yìí, nítorí pé kò sí ìjọba kankan tó ní kí wọ́n ṣe é.

Ní ti Needham fúnra rẹ̀, ìfẹ́ ló mú un dé ìdí ọ̀rọ̀ Ṣáínà. Ní 1937 náà ni àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta láti Ṣáínà dé Cambridge. Ọ̀kan nínú wọn ni Lu Gwei-djen, ọmọbìnrin láti Nanjing, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ apòògùn. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Needham ní èdè Ṣáínà, ẹni tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nípa bí ẹyin ṣe ń di ẹ̀dá alààyè ló mọ̀ dunjú tẹ́lẹ̀. Needham ti níyàwó nílé, Dorothy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bíi tirẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọra títí wọ́n fi darúgbó. Dorothy kú ní 1987. Ní 1989, Needham gbé Lu níyàwó, ẹni ọdún 88 sì ni ọkọ ìyàwó. Ìbéèrè tí Lu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé wá sí Cambridge ni Needham fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lé kiri: báwo ni ilẹ̀ tó ṣe ìwé pẹlẹbẹ, tó tẹ ìwé, tó ṣe ẹ̀tù ìbọn àti ohun èlò tó ń tọ́ka àríwá ṣáájú gbogbo ayé ṣe jẹ́ kí Yúróòpù wá gba iwájú mọ́ ọn lọ́wọ́ nínú sáyẹ́ǹsì?

Ní 1943, nígbà tí ogun ń jà lọ́wọ́, ìjọba Ìlú Ọba rán an lọ sí Chongqing láti máa fi ìwé àti ohun èlò ran àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ṣáínà lọ́wọ́. Kò jókòó sí ọ́fíìsì. Ọdún yẹn gan-an ló gbéra nínú ọkọ̀ akẹ́rù, ó dorí kọ ìwọ̀ oòrùn àríwá, ó ń lọ sí Dunhuang ní Gansu, níbi tí aṣálẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Rewi Alley, ọmọ New Zealand tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣáínà láti 1927, wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọkọ̀ ń kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n ń tún un ṣe. Nígbà tí wọ́n dé ibi àwọn ihò àpáta Mogao, ọkọ̀ kọṣẹ́ pátápátá. Needham kò bínú. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló fi wà níbẹ̀, tó ń ti inú ihò kan bọ́ sí òmíràn, tó ń wo àwòrán tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kùn sára ògiri fún nǹkan bí 1,000 ọdún, tó ń ya fọ́tò, tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Láti inú ọ̀kan lára àwọn ihò yẹn ni Aurel Stein ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé lọ ní 1907. Ọ̀kan nínú wọn ni ìwé ẹ̀sìn Búdà tí wọ́n fi igi gbígbẹ́ tẹ̀ ní ọdún 868, ìwé títẹ̀ tí ọjọ́ wà lára rẹ̀ tó pẹ́ jù lọ nínú èyí tó ṣẹ́ kù láyé. Ibi ìkówèésí ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà títí di àkókò yìí. Àwa tí British Museum ní orí idẹ Ifẹ̀ kan lọ́wọ́ láti 1939 mọ bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí lára onílé. Ọmọ ẹgbẹ́ SACU tó bá fẹ́ mọ ìtàn Gansu lè wọ bọ́ọ̀sì láti ilé rẹ̀ lọ rí apá kan ìtàn náà, nígbà tí ọmọ Gansu kò lè rí i. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tó bá pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ Ṣáínà rántí èyí kó tó la ẹnu.

Nígbà tí Needham padà sílé, ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ńlá rẹ̀, Science and Civilisation in China. Apá kìíní jáde ní 1954. Nígbà tí yóò fi kú ní 1995, kò tíì parí. Àwọn mìíràn ló ń bá a lọ, ó sì ti lé ní 20 ìwé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó dọ̀tí orúkọ rẹ̀. Ní 1952, ó wà lára ìgbìmọ̀ tó lọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá lóòótọ́ ni Amẹ́ríkà ń fi kòkòrò àrùn jagun ní Korea, ìgbìmọ̀ náà sì ní òótọ́ ni. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ló gbà lónìí pé wọ́n tan àwọn ìgbìmọ̀ náà jẹ. Amẹ́ríkà kò fún Needham ní físà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé tí kì í gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́ láìrí ẹ̀rí nínú ìwé rẹ̀ gba ẹ̀rí àwọn tó gbà á lálejò láìjanpata. Àléébù yìí kan náà ni ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀ yóò bá jà fún ogún ọdún.

Derek Bryan ni igi lẹ́yìn ọgbà ẹgbẹ́ náà. Òṣìṣẹ́ ìjọba Ìlú Ọba ni tẹ́lẹ̀, ó dé Ṣáínà ní 1932, ó gbọ́ èdè wọn, ó sì fẹ́ Liao Hongying ní 1943. Obìnrin yìí kì í ṣe ọmọdé nínú ìmọ̀: ó ti kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísírì ní Somerville College ní Oxford, nígbà tí obìnrin Ṣáínà tó dé irú ibẹ̀ kò tó nǹkan. Bryan fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní 1951, nítorí ojú tó fi ń wo ìjọba tuntun ní Ṣáínà kò bá ti àwọn ọ̀gá rẹ̀ mu, ó sì wá ń kọ́ àwọn èèyàn ní èdè Ṣáínà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí èèyàn bá ń wá ẹni tó gbé ẹgbẹ́ náà sẹ́yìn pọ̀n, kó wo ilé tọkọtaya yìí. Orúkọ Needham ló ń fa èrò wá, àwọn méjèèjì ló ń rí i pé iṣẹ́ ń lọ.

Wọn kò fẹ́ kí ẹgbẹ́ tuntun náà dà bíi ti àtijọ́, tí àwọn alátakò yóò fi máa pè é ní ìlù tí Kọ́múníìsì ń lù. Nítorí náà, wọ́n wá àwọn gbajúmọ̀ láti ibi gbogbo. Joan Robinson wà níbẹ̀, ìlúmọ̀ọ́ká onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Cambridge. Wọ́n sì pe Hugh Trevor-Roper, ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn ní Oxford. Àwọn òpìtàn wa mọ orúkọ yìí dáadáa. Òun ló jókòó ní 1963 tó ní kò sí ìtàn kan ní Áfíríkà ju ti àwọn aláwọ̀ funfun tó dé ibẹ̀ lọ, pé òkùnkùn ni ìyókù. Lásìkò yẹn gan-an, Kenneth Dike ti dá ibi ìkówèé-ìtàn-pamọ́-sí ìjọba sílẹ̀ ní Ìbàdàn, Saburi Biobaku sì ti ń kó ìtàn ilẹ̀ Yorùbá jọ láti 1956. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sára àwọn tí yóò lọ lóye ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn.

Ní ìgbà ìwọ́wé ọdún 1965, SACU rán èèyàn mẹ́rin lọ sí Ṣáínà: Trevor-Roper, Robert Bolt tó ń kọ eré, Mary Adams tó ti ṣiṣẹ́ ní BBC, àti Ernie Roberts, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìrìn àjò náà kò rọgbọ. Trevor-Roper fẹ́ bá àwọn òpìtàn Ṣáínà jókòó sọ̀rọ̀, kí wọ́n jọ jiyàn nípa ìtàn. Ilé iṣẹ́, oko àti ọ̀rọ̀ ìyìn Mao ni wọ́n ń fi hàn án. Ó sú u, ó bínú, ó sì padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ẹni tó ń darí rẹ̀ gan-an, ẹni tó ń fúnni lówó, àti bí wọ́n ṣe ń yan ìgbìmọ̀. Kí 1966 tó parí, ọ̀nà ti pín. N kò fẹ́ràn ọkùnrin náà rárá, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. Ẹgbẹ́ tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹgbẹ́ òye gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tó ń san owó ọkọ̀.

Ọdún tí ìjà yẹn parí ni Ìyípadà Àṣà bẹ̀rẹ̀ ní Ṣáínà. Àwọn ọ̀dọ́ Red Guard bẹ̀rẹ̀ sí í wó tẹ́ńpìlì, wọ́n ń dáná sun ìwé, wọ́n ń na àwọn olùkọ́ tó kọ́ wọn. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹjọ, 1967, èrò ya wọ ọ́fíìsì aṣojú Ìlú Ọba ní Beijing, wọ́n sun ún. Wọ́n ti Anthony Grey, akọ̀ròyìn Reuters, mọ́lé láti 1967 di 1969. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ bá àwọn tó ń ṣe ìpàdé ọ̀rẹ́ Ṣáínà sí nínú gbọ̀ngàn ìlú àti ilé oúnjẹ káàkiri Ìlú Ọba. Àwọn kan jáde. Àwọn tó kù ń gbèjà, Joan Robinson tilẹ̀ kọ odidi ìwé kan ní 1969 tó fi ṣàlàyé Ìyípadà Àṣà náà bí ohun tó ní ìdí gidi. Ìgbà yẹn ló burú jù fún ẹgbẹ́ náà lójú tèmi, nítorí pé àwọn tí wọ́n ń lù ní Ṣáínà ni irú èèyàn tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ràn gan-an: àwọn ọ̀mọ̀wé, àwọn tó mọ ìtàn ìlú wọn, àwọn olùtọ́jú ohun àtijọ́.

Ilẹ̀kùn wá ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́, China Now, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1970. Ní 1971, Ṣáínà pe àwọn agbábọ́ọ̀lù orí tábìlì láti Amẹ́ríkà, ó sì gba àyè rẹ̀ ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ọdún yẹn kan náà ni òun àti Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ìbáṣepọ̀, ní ọjọ́ 10, oṣù Kejì. Ní 1972, Ìlú Ọba àti Ṣáínà fi aṣojú àgbà ránṣẹ́ sí ara wọn. Láti ìparí 1973 wọ 1974, èrò tò lọ rẹpẹtẹ ní Royal Academy ní Lọ́ńdọ̀nù láti wo ohun tí wọ́n wú nílẹ̀ ní Ṣáínà: aṣọ òkú ìyàwó ọba kan, Dou Wan, tí wọ́n fi òkúta jéèdì tó lé ní 2,000 rán láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, àti ẹṣin idẹ kékeré láti Wuwei ní Gansu tó ń sáré, tó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ẹyẹ mọ́lẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí wọn fẹ́ dé ibi tí wọ́n ti wá. SACU ló mọ̀nà.

Ìrìn àjò nígbà yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá ṣe. Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ẹgbẹ́ iṣẹ́ ló ń gba ìwé, ilé iṣẹ́ ìrìn àjò ìjọba Ṣáínà sì ló ń pín ibi tí wọ́n máa dé. Ọ̀pọ̀ ló ń gba Hong Kong wọlé. Kò sí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ tààrà títí di 1979. Ọkọ̀ ojú irin Hong Kong máa já èèyàn sílẹ̀ ní Lo Wu, lẹ́nu ààlà, wọn á gbé báàgì wọn, wọn á fẹsẹ̀ rìn kọjá lórí afárá kékeré kan, àsíá Ìlú Ọba lẹ́yìn, àsíá pupa Ṣáínà níwájú. Ní òdìkejì, ọkọ̀ mìíràn ń dúró láti gbé wọn lọ sí Guangzhou. Láti ibẹ̀, ó di ilé ẹ̀kọ́, ilé iṣẹ́ aṣọ, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún aláìsàn dípò oògùn apàrora, àti oko alájùmọ̀ní. Ibi gbogbo tí wọ́n bá dé, wọn á kọ́kọ́ mú wọn jókòó yí tábìlì gígùn ká, wọn á bu tíì fún wọn, ẹnì kan á sì ka iye ìkórè àti iye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fún wọn kí wọ́n tó dìde lọ wo ohunkóhun.

Dazhai ni abúlé tó lókìkí jù. Ní òkè Shanxi ló wà, ilẹ̀ olókùúta, tí àwọn ará rẹ̀ gbẹ́ òkè di àtẹ̀gùn oko. Gbogbo Ṣáínà ni Mao ní kó lọ kọ́ ọgbọ́n lọ́dọ̀ wọn, àwọn àlejò láti òkè òkun sì ń tò lọ síbẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn èèyàn náà ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Ṣùgbọ́n ní 1980, lẹ́yìn ikú Mao, ìwé ìròyìn Ṣáínà fúnra wọn tú u síta pé wọ́n bù mọ́ iye ìkórè agbègbè náà, àti pé ìjọba ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lábẹ́lẹ̀. Àlejò tí wọ́n jókòó fún ní pálọ̀ ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà jẹ́. Wọ́n jẹun yó, wọ́n dúpẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mú wọn dé ilé ìdáná.

Ohun tó yí padà lẹ́yìn 1978 ló mú mi fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí. Nígbà tí ìjọba Deng Xiaoping ṣílẹ̀kùn, tí àwọn ìlú tó ti wà ní títì bẹ̀rẹ̀ sí í gba àlejò, kò pọn dandan mọ́ kí èèyàn lọ yin ilé iṣẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ dojú kọ agbègbè, ìtàn agbègbè, àti bí ìlú kan ṣe yàtọ̀ sí ìkejì. Ẹnì kan lọ sí Xi'an nítorí àwọn ọmọ ogun amọ̀ tí àwọn àgbẹ̀ tó ń gbẹ́ kànga kàn ní 1974. Ẹlòmíràn lọ sí Dujiangyan ní Sichuan, níbi tí Li Bing ti pín odò Min sí méjì ní nǹkan bí 256 ṣáájú ìbí Jésù, tí omi náà ṣì ń bomi rin oko títí di àsìkò yìí. Needham ti kọ̀wé lé e lórí lọ́pọ̀ ojú ewé. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn òkun ní Quanzhou ní Fujian, èbúté tí àwọn Lárúbáwá oníṣòwò ti kọ́ mọ́sáláṣí olókùúta ní 1009, tí ògiri rẹ̀ kò tíì wó tán. Ṣáínà kan ṣoṣo tí wọ́n ń kà nínú ọ̀rọ̀ ìyìn wá di ọgọ́rùn-ún ìlú, tí oúnjẹ wọn kò jọra, tí èdè wọn kò yé ara wọn.

Ṣùgbọ́n ìṣílẹ̀kùn yẹn kan náà ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ìrìn àjò èyíkéyìí lè ta tíkẹ́ẹ̀tì Beijing, kí ni èèyàn tún ń wá lọ sọ́dọ̀ SACU? Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun yìnbọn pa àwọn èèyàn ní Beijing ní oṣù Kẹfà, 1989, àwọn arìnrìn-àjò dín kù gan-an, ọkàn ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ Ṣáínà sì bàjẹ́. China Now dáwọ́ dúró ní 1995, ọdún tí Needham kú. Ìwé kékeré, China in Focus, rọ́pò rẹ̀, China Eye sì tẹ̀ lé e láti 2004. Liao Hongying kú ní 1998, Bryan ní 2003. Èèyàn lè rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí.

Kò parí. Òpìtàn Michael Wood, tó ṣe The Story of China fún BBC ní 2016, di ààrẹ ẹgbẹ́ náà; òun náà ló ti rìn káàkiri Ṣáínà láti fi ìlú kọ̀ọ̀kan sọ ìtàn akéwì Du Fu. Ẹgbẹ́ náà kéré sí ti ọdún 1970, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ju tìgbà yẹn lọ. Wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀, wọ́n ń jẹun ọdún tuntun Ṣáínà pọ̀, wọ́n ń wo àfihàn, ẹni tó bá rìnrìn àjò á sì kọ ohun tó rí fún ìwé ìròyìn. Wọn kò ní láti fara mọ́ ìjọba kankan kí wọ́n tó fẹ́ràn ìlú kan. Ó gbà wọ́n ní àkókò kí wọ́n tó dé ibẹ̀, wọ́n sì dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mi kan ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra ọjà ní Guangzhou lọ́dọọdún, láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti Kùtọnu. Ọjà Xiaobei ni ẹ ń dé, ẹ ó di ẹrù, ẹ ó padà. Ẹ mú ọ̀sán ọjọ́ kan kúrò nínú rẹ̀. Ẹ lọ sí mọ́sáláṣí Huaisheng, kí ẹ wo ilé ìṣọ́ rẹ̀ tó ti wà láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, tí àwọn awakọ̀ òkun fi ń mọ̀nà odò nígbà kan rí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ oníṣòwò tí ẹ bá ń bá ná ọjà pé ìlú wo ni bàbá rẹ̀ ti wá. Kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ kí ẹ tó gbàgbé, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwa tí a kò lè lọ.